Láti Òṣogbo dé Etí Òkun: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Èmi àti Bàbá

Ọjọ́ Ajé, Òṣogbo

Òṣogbo kò ní òkun, kò sì ní ọ̀sà. Odò Ọ̀ṣun tó gba ìlú wa kọjá kò lè gbà ju ọkọ̀ kékeré lọ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ṣáájú wa ń ki ìlú yìí, òkun ni wọ́n fi wé aró rẹ̀: Òròkí, ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ oríkì yìí, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé níbo ni ẹni tó kọ́kọ́ kì í bẹ́ẹ̀ ti mọ òkun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní jọ́gíráfì, a sì dé orí ìrìnnà ojú omi. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, irin máa ń rì sómi. Kí ló dé tí ọkọ̀ òkun kì í rì?" Mo rán wọn lọ pọn omi sínú korobá. Mo ju ìṣó kan sí i, ó rì. Mo gbé abọ́ páànù lé e, ó léfòó. Mo wá ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń wo bí abọ́ náà ṣe ń wọ omi lọ díẹ̀díẹ̀ títí omi fi bò ó. Mo ṣàlàyé fún wọn pé omi tí ikùn ọkọ̀ bá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ń gbé ọkọ̀ ró, àti pé bí ìwọ̀n omi náà bá ti tó ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, kò ní rì, ìbáà ṣe igi ni wọ́n fi kàn án, ìbáà ṣe irin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kun ìlà sí ara ọkọ̀ òkun láti fi hàn ibi tí omi kò gbọdọ̀ kọjá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ìlà náà di dandan ní 1876, lẹ́yìn tí Samuel Plimsoll ti bá ilé aṣòfin fà á títí, nítorí àwọn olówó kan máa ń di ẹrù kọjá agbára ọkọ̀, tí àwọn atukọ̀ á sì bá a rì.

Ọmọbìnrin náà kò tíì tẹ́ lọ́rùn. Ó béèrè bóyá ará Òṣogbo kankan ti wọ ọkọ̀ òkun rí. Ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ní 1962 ni Bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ti pé ẹni ọdún márùndínláàdọ́rùn-ún báyìí, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ń bọ̀ lẹ́nu wọn bí ẹni pé àná ni. Àpótí páànù tí wọ́n gbé lọ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó sọ pé ẹni tó ni ín kò ní nílò rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá ní bí ìwé yẹn bá ti wà lára ẹrù, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pátápátá ni wọ́n ń gbé e lọ, ojú ẹni kò sì ní kàn án mọ́ títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ wo èbúté Èkó, kí n lè rí ohun tó dájú sọ fún àwọn ọmọ, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan kọ́ ló ń lọ. Èmi náà fẹ́ fojú kan òkun kí ojú yìí tó pa dé." Ọmọọmọ wọn tó wà ní yunifásítì gbà láti bá wa lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, Bàbá ní kí a kọ́kọ́ lọ sí stéṣọ̀n rélùwéè, nítorí lójú tiwọn, ibẹ̀ ni òkun ti bẹ̀rẹ̀ fún ará Òṣogbo. Òótọ́ sì ni. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé ìlú wa ní 1907 ni kòkó, èkùrọ́ àti òwú agbègbè wa ti ń gba ibẹ̀ lọ sí Èkó láti wọ ọkọ̀. Ohun tó ń padà bọ̀ ni iyọ̀, páànù ìbolé, kẹrosíìnì àti aṣọ funfun tí wọ́n fi ẹ̀rọ hun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ funfun yẹn ni mo ń rò bí a ti dúró níbẹ̀. Ó fẹ́lẹ́, ó sì dán ju kíjìpá wa lọ, ó sì rọrùn fún àwọn ìyá wa láti fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára. Òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ adìrẹ gbilẹ̀ bí ó ti gbilẹ̀. Èyí ni pé aṣọ tó ti orí òkun wá ni wọ́n ń rẹ sínú aró tí wọ́n fi wé òkun. N kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ilé aláró ni ìyá ìyá mi ti jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú ọ̀nà

A kúrò ní Òṣogbo lẹ́yìn ìrun àárọ̀, a gba Gbọ̀ngán àti Ìkirè dé Ìbàdàn, a sì wọ rélùwéè tuntun ní Mọ́níyà. Láti 2021 ni ó ti ń gbé èrò lọ sí Èkó. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni a lò, inú ọkọ̀ tutù, àga sì rọ̀. Bàbá ní rélùwéè tó gbé wọn lọ wọ ọkọ̀ òkun kò sáré tó báyìí, àti pé láàrin Òṣogbo sí Èkó, èéfín rẹ̀ ti sọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá wọn rà fún wọn di dúdú.

Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìyá wọn díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, obìnrin náà kò sunkún ní stéṣọ̀n, ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kàwé ni pé, "Ṣé orí omi náà ni ọmọ mi á máa sùn?" Ó lé ní oṣù kan kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó padà dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un láàrin àsìkò yẹn bóyá ọkọ̀ náà dé tàbí kò dé.

Ilé ìbátan wa kan ní Èbúté-Mẹ́ta ni a sùn.

Ọjọ́rú, Marina àti Apápá

Ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbé èrò láti Marina sọdá sí Apápá ni a wọ̀ ní òwúrọ̀. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ọmọọmọ Bàbá sì bá wọn so tiwọn. Ibi tí ọkọ̀ náà ń gúnlẹ̀ sí ní Apápá ni wọ́n ń pè ní Liverpool. Bàbá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń gba owó ń ké pe èrò, "Liverpool! Liverpool!", wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Kí ló wí?" Mo sọ fún wọn. Wọn kò dáhùn, ṣùgbọ́n wọn kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi títí a fi sọdá.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ni ọkọ̀ fi gbé Bàbá láti Apápá dé Liverpool tòótọ́. Aureol ni orúkọ ọkọ̀ náà, ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster. Ara rẹ̀ funfun, wọ́n kàn án ní ìlú Glasgow, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ó tó 14,000 tọ́ọ̀nù, ó sì ń gbé èrò bí 350. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà ló wọ ọ́ tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Accra àti Apapa. Bàbá ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ kò dáa rárá, nítorí ìgbì ń da inú wọn rú, gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ ni wọ́n ń bì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Freetown ara wọn balẹ̀, wọ́n sì mọ èrò tó kù: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń lọ kọ́ òfin, ọmọ Gánà kan tó mọ ayò ọlọ́pọ́n ta ju wọn lọ. Ní Las Palmas ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí òkè tí kò ní igi lórí. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ sí àríwá ni òtútù ń mú sí i lójoojúmọ́, wọ́n sì ń wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, débi pé nígbà tí wọn yóò fi gúnlẹ̀, ara wọn ti mọ̀ pé ibòmíràn ni wọ́n dé. "Àwọn ọmọ tó ń wọ bàálù lóde òní," ni wọ́n wí, "ilé ni wọ́n ti ń jẹun alẹ́, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń jẹun àárọ̀. Ara wọn dé, ọkàn wọn kò tíì dé." Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ mẹ́tàlá lórí omi gùn, ṣùgbọ́n ó ń pèsè èèyàn sílẹ̀.

Láti inú ọkọ̀ wa kékeré ni a ti rí wọ́ọ̀fù Apápá, àwọn kéréènì rẹ̀ àti ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó so mọ́ ọn. Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé bẹ́ẹ̀. Ìgbì òkun tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn máa ń wọ́ yanrìn bọ̀ lẹ́bàá etíkun wa, yanrìn náà a sì kó jọ lábẹ́ omi ní ẹnu ibi tí ọ̀sà Èkó ti pàdé òkun. Ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ bá jìn kò lè kọjá. Ojú òkun ni yóò dákọ̀ró sí, wọn a sì fi okùn so èrò kalẹ̀ nínú àga onígi, láti òkè ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé sókè-sódò nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹrù ló bọ́ sómi. Nígbà tó di 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi òkúta mọ odi gígùn wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, òkúta tí wọ́n fi rélùwéè kó wá láti Abẹ́òkúta, kí omi ọ̀sà lè máa fi agbára tú yanrìn dànù. Ní 1914, ọkọ̀ òkun ńlá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ní 1926, wọ́ọ̀fù Apápá ṣí, ojú irin sì dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gan-an. Láti ìgbà náà, àpò kòkó tí wọ́n bá rán ní Òṣogbo lè dé ẹnu ihò ọkọ̀ láìtún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Èkó.

Ohun kan wà tí odi náà ṣe tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Yanrìn tó dá dúró ní ìwọ̀-oòrùn odi kò dé ìlà-oòrùn mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etí Bar Beach lọ́dọọdún, ó ń jẹ títì, ó ń halẹ̀ mọ́ ilé, títí wọ́n fi tún da òkúta àti yanrìn síbẹ̀ láìpẹ́ yìí láti kọ́ Eko Atlantic. Àyè tí a là fún ọkọ̀ ní apá kan, a san owó rẹ̀ ní apá kejì.

Ṣáájú gbogbo èyí ni ọkọ̀ eléèéfín ti kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1852, ilé-iṣẹ́ tí Macgregor Laird dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ eléèéfín gbé lẹ́tà wá sí etíkun wa lóṣooṣù. Ọkọ̀ onígbòkun ń dúró de atẹ́gùn, kò sì sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ tí yóò dé. Ọkọ̀ eléèéfín ń jó èédú, ìyẹn ni pé ó lè ní ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀. Lójú mi, èyí ṣe pàtàkì ju eré tó ń sá lọ. Oníṣòwò kékeré tí kò lágbára láti ra ọkọ̀ tirẹ̀, Sàró tàbí ọmọ Èkó, lè sanwó fún agba epo mẹ́wàá péré nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kó sì mọ ìgbà tí owó rẹ̀ yóò padà dé. Ọ̀pọ̀ wọn ló fi èyí di olówó kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́bọ̀, Àgbádárìgì

A wo Brazilian Barracoon, ilé tí Ṣẹ̀ríkì Williams Abass ń kó ẹrú sí, àwọn yàrá rẹ̀ tó há àti ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi pamọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfú, a sì rìn nínú yanrìn lọ sí etí òkun, lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà mú wọn lọ. Kanga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú wọn gbàgbé ilé. Ó tó ìrìn wákàtí kan fún ẹsẹ̀ Bàbá, wọ́n sì kọ̀ láti gun ọ̀kadà.

Ní etí òkun yẹn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Brookes fún wọn. Ìlú Liverpool ni wọ́n ti kàn án ní 1781, ẹrú ló sì ń kó. Nígbà tí àwọn tó ń jà kí òwò ẹrú dópin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya àwòrán inú rẹ̀ ní 1788, wọ́n fi hàn bí a ṣe to èèyàn 454 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èjìká kan èjìká, ẹsẹ̀ kan orí, nítorí iye tí òfin tuntun fàyè gbà nìyẹn. Ó ti kó jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òfin náà tó dé. Ọkọ̀ náà kò ju bí 300 tọ́ọ̀nù lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka tọ́ọ̀nù nígbà náà yàtọ̀ sí ti ayé Aureol, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò lè bo èyí mọ́lẹ̀: ọkọ̀ 14,000 tọ́ọ̀nù gbé Bàbá pẹ̀lú èrò bí 350, ó fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì, tíì àti ibi tí wọ́n ti ń ta ayò, ọkọ̀ bí 300 tọ́ọ̀nù kó èèyàn 454.

Bàbá béèrè pé, "Liverpool kan náà?"

Mo ní, "Ẹ̀n, Bàbá. Ìlú kan náà ni. Òun ló kó ẹrú jù nínú gbogbo èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà."

Wọ́n jókòó sórí yanrìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí wọ́n lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí olùkọ́ kan tó sọ èyí fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà kò béèrè.

Àwọn onímọ̀ tó ka ìwé ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣírò pé bí mílíọ̀nù 12.5 èèyàn ni wọ́n kó sí ọkọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, àti pé bí mílíọ̀nù 10.7 ló dé òdìkejì láàyè. Atẹ́gùn ló ń pàṣẹ. Ọkọ̀ lè lo ọ̀pọ̀ oṣù ní etíkun kí ẹrú tó kún un, kó wá fi oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta la òkun. Bí atẹ́gùn bá kú, ọkọ̀ a dúró lójú kan, omi mímu a sì máa tán. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, mo máa ń yin ọgbọ́n ìgbòkun, bí àwọn Pọtogí ṣe kọ́ láti fi atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ rìn, bí aago John Harrison ṣe jẹ́ kí atukọ̀ mọ ibi tí ó wà lójú òkun ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọgbọ́n ni lóòótọ́. N kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láìsọ ohun tí wọ́n fi ṣe.

Mo rántí Samuel Àjàyí Crowther. Òṣoògùn ni wọ́n ti mú un ní 1821, kì í ṣe Òṣogbo, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ṣe máa ń ṣì í kọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ Pọtogí kan tó ń jẹ́ Esperança Felix. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà, ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti di ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ Fourah Bay College. Orí òkè tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lónìí ni wọ́n ń pè ní Mount Aureol, òkè yẹn náà ni wọ́n sì fi sọ ọkọ̀ Bàbá lórúkọ. Ogójì ọdún lẹ́yìn tí ara Bàbá ti balẹ̀ ní Freetown ni wọ́n tó mọ ìtumọ̀ orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀.

Àwọn kan padà. Àwọn Àgùdà gba orí òkun kan náà láti Bùràsíìlì bọ̀ sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nínú ọkọ̀ onígbòkun, wọ́n sì san owó ọkọ̀ fúnra wọn. Àwọn tí kò padà gbé Ọ̀ṣun lọ. Ní oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, a ń rí àwọn ọmọ ọmọ wọn láti Bùràsíìlì àti Kúbà nínú igbó Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń kọ orin tí àwọn àgbà ìlú wa ń dá mọ̀. Bàálù ló ń gbé wọn wá. Mo ti ń rí wọn láti ọjọ́ yìí wá, n kò sì ronú rí nípa irú ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbé orin náà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, Lẹ́kki

Bàbá kò sùn dáadáa, mo sì rò pé kí a padà sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ní a kò tíì rí ti òní. A lọ sí Lẹ́kki, níbi tí wọ́n ṣí èbúté olómi jíjìn tuntun ní oṣù kìn-ín-ní 2023. A kò wọ inú rẹ̀; láti etí òkun lókèèrè ni a ti wò ó, ọmọ ojúlùmọ̀ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì wá bá wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó sì ń dáhùn ìbéèrè wọn pẹ̀lú sùúrù. Omi ibẹ̀ jìn ní mítà 16.5, ó sì lè gba ọkọ̀ tí Apápá kò lè gbà.

Ọkọ̀ aláró kan wà lẹ́nu wọ́ọ̀fù, kọ̀ńténà tò lé e lórí bí ilé alájà. Bàbá fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá béèrè pé, "Àwọn èrò dà?"

Ọmọ náà ní, "Kò gbé èrò, Bàbá. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kò ju bí ogún lọ."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà. Bí ọkọ̀ ṣe ń tóbi sí i ni èèyàn inú rẹ̀ ń dín kù. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ọkọ̀ kọ̀ńténà ayé gùn ní bí 400 mítà, ó sì ń gbé kọ̀ńténà tó lé ní 24,000, síbẹ̀ àwọn atukọ̀ rẹ̀ kò kún bọ́ọ̀sì ńlá kan. Bàálù ló kó èrò lọ. Aureol ṣe ìrìn-àjò rẹ̀ ìkẹyìn sí Èkó ní 1974, wọ́n sì tú u palẹ̀ ní Íńdíà ní 2001. Àpótí irin ló sì lé àwọn tó ń fi èjìká ru ẹrù kúrò ní wọ́ọ̀fù. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Malcolm McLean, tó jẹ́ oníṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù, ló kó kọ̀ńténà 58 sínú ọkọ̀ Ideal X ní oṣù kẹrin 1956. Ohun tó rí ni pé kì í ṣe orí òkun ni owó àti àkókò ti ń ṣòfò bí kò ṣe ní èbúté, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti ń gbé àpò kọ̀ọ̀kan sókè, tí wọ́n tún ń gbé e kalẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn àpótí kan níbi tí wọ́n ti di ẹrù, kò sì ṣí i mọ́ títí ó fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Owó ìkẹ́rù tó ń ná wọn ní dọ́là 5.86 fún tọ́ọ̀nù kan wálẹ̀ sí sẹ́ǹtì 16.

Bàbá mọ ohun tí ìdádúró ní èbúté ń fà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní 1975, nígbà tí ìjọba ra sìmẹ́ǹtì láti gbogbo ayé, bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, tí èbúté kò sì lè gbà á. Ọkọ̀ tó lé ní 400 dákọ̀ró sójú òkun, wọ́n ń dúró. "Bí o bá lọ sí etí òkun lálẹ́," ni wọ́n wí, "iná wọn tò lọ bí ìlú tuntun." Sìmẹ́ǹtì di òkúta nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìyẹn ló mú kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can, tó ṣí ní 1977.

Mo tún bi ọmọ náà léèrè àsìá ọkọ̀ aláró yẹn. Kì í ṣe tiwa. A ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tiwa rí, Nigerian National Shipping Line, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959. Àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ odò ilẹ̀ wa, River Majidun, River Gurara, àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ nínú wọn. Wọ́n tú u ká ní 1995. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ìran tí wọ́n kó kọjá òkun gẹ́gẹ́ bí ẹrù ní ẹ̀tọ́ láti ní ọkọ̀ tirẹ̀ lórí òkun kan náà, kí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gá atukọ̀ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Òṣogbo

A padà dé nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ Bàbá wú díẹ̀. Omi gbígbóná àti àmàlà ni wọ́n béèrè, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a fa àpótí páànù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi ọwọ́ pa ìwé pélébé ara rẹ̀, wọ́n sì ní kí n gbé àpótí náà lọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kí wọ́n fojú rí i, ṣùgbọ́n kí n dá a padà.

Ọjọ́ Ajé, Òṣogbo

Mo gbé àpótí náà lọ sí kíláàsì. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè ló kọ́kọ́ ṣí i. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju òórùn káńfọ̀ lọ, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ki orí bọ̀ ọ́.

Nírọ̀lẹ́, mo dá a padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo bá Bàbá àti ọmọọmọ wọn níbi tí wọ́n ti ń wo fóònù. Gbogbo ọkọ̀ òkun tó bá tó 300 tọ́ọ̀nù tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ló gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń kéde orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó wà, ẹnikẹ́ni sì lè rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà ti wá ọkọ̀ aláró Lẹ́kki rí. Ó kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́; ó ti kọjá Kútọnu àti Lomé, ó ti dé etíkun Gánà, ọ̀nà tí Aureol gbà gan-an.

Bàbá béèrè iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Gígùn ọkọ̀ náà wà lójú fóònù, àsìá rẹ̀ wà níbẹ̀, eré tó ń sá àti èbúté tó ń lọ wà níbẹ̀. Iye èèyàn kò sí.

"Ẹ tún un wò," ni Bàbá wí.